Ibi Tí Wọn Yóò Kọ Orúkọ Sí

Ní ilé wa ní Ìlá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé màmá mi ló máa ń jí wa, kì í ṣe àkùkọ. Kí n tó gbá àgbàlá dé ìdí kànga ni màmá mi yóò ti jókòó ní yàrá iwájú, tí yóò máa tẹ̀wé tà-tà-tà, tí agogo kékeré inú ẹ̀rọ náà yóò sì máa dún ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ilé, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, yóò ti máa da omi sí obì tó fẹ́ kí a bó lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ti gbálẹ̀ tán, mo gbọ́dọ̀ jókòó tì í kí n máa bó obì, kí n fọ̀ ọ́, kí n sì tò ó sínú agbọ̀n tí a fi ewé gbòdògì tẹ́ nínú. Ó máa ń fi ọwọ́ wọ́n omi sórí ewé náà kí obì má baà gbẹ, á sì máa bá obì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà kì í sọ Yorùbá inú ìwé. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ló ń sọ títí ó fi kú, gbogbo ohun tí mo bá kọ síbí pé ó sọ, èmi ni mo tún un sọ kí ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa lè gbọ́. Àbẹ̀kẹ́ ló máa ń pè mí. Àwọn yòókù ń pè mí ní orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tí n kò fẹ́ràn rí.

Ìwé ìdánwò ni màmá mi ń tẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ìlá, ti Òkè-Ìlá, títí dé Ọ̀tan, ló ń gbé iṣẹ́ wá fún un ní ìparí táàmù, iṣẹ́ yẹn ló sì ń bọ́ wa, nítorí bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, máa ń gba owó oṣù rẹ̀ nígbà tó bá wu ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ti gbó. Lẹ́tà méjì ti kán lára rẹ̀, bírò ni màmá mi fi ń kọ wọ́n sí àyè wọn lẹ́yìn tó bá tẹ̀wé tán. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí ni ẹnì kan gbé kọ̀ǹpútà sí ṣọ́ọ̀bù ní Òṣogbo, àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ wò ó, wọ́n padà dé bí ẹni tó lọ Jerúsálẹ́mù. Wọ́n wá bá màmá mi pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀tàn pé ìwé ìdánwò tó ń bọ̀, kọ̀ǹpútà ni àwọn fẹ́ kí ó fi tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ti ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ Àìkú ìkórè tó pé, òun ló ni iṣẹ́. Bí kò bá ní, Òṣogbo ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pátápátá, tí a ń pè ní Bàbá Èkó, ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ náà bá bọ́: kí màmá mi wá máa tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ l'Ékòó, kí àwa ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Bàbá mi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwà rẹ̀ nìyẹn níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀rù sì bà mí.

Ẹbí wa mọ nǹkan pín, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ wọn. Bí a bá fẹ́ sìnkú, ẹnì kan á mú màlúù, ẹnì kan á mú pósí, ẹnì kan á mú àtíbàbà tí àlejò yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bí a bá kọ́lé, ẹnì kan á mú páànù, ẹnì kan á mú fèrèsé. Ẹni tó bá sì mú nǹkan ni yóò kọ orúkọ sí i. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí olónìí, ẹ ó rí i pé kò sí àga tí kò ní orúkọ lẹ́yìn, fáànù ní orúkọ, àwo tí wọ́n fi ń gba ọrẹ pàápàá ní orúkọ lábẹ́. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà dé ìpàdé ẹbí, Bàbá Èkó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí ẹnikẹ́ni má jáyà, bí a ṣe ń pín tàwọn tó kù ni a ó pín èyí náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí Bàbá Èkó jẹ́. Bí ó bá ń bọ̀ wálé, láti kọ́nà ni yóò ti máa fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀, kí gbogbo àdúgbò lè jáde wá wo ìgbà tí yóò sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Bàbá Ìlọrin, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, imú ló fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, báàgì kan kì í sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yọjú wo inú báàgì náà lọ́jọ́ kan, ìwé ìròyìn àtijọ́ kan àti ẹ̀pà ni mo bá níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n kan láti Ìbàdàn, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹnjiníà, ni bàbá mi mú wá sí ìpàdé náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ra kọ̀ǹpútà ní wẹ́wẹ́ kí ó tò ó pọ̀, ó sì dínwó ju kí ènìyàn ra odidi lọ. Ó kọ ohun tí a nílò sínú ìwé, ó kà á. Àpótí rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ tó dà bí tẹlifíṣọ̀n, pátákó tí a ń tẹ lẹ́tà lára rẹ̀, ibi tí a ń ki àwo pẹlẹbẹ tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ bọ̀, sitabiláísà tí kì í jẹ́ kí iná ṣe ségesège, ẹ̀rọ tó ń gbé ìwé jáde, pátákó inú tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́, àti mẹ́mórì. Ó bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n má ra ojú ńlá, èyí tó ń gbé àwọ̀ ewé nìkan jáde ti tó fún ẹni tó ń tẹ̀wé. Ó ní kí wọ́n ra àpótí tó kéré jù, kí wọ́n fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra mẹ́mórì, nítorí mẹ́mórì díẹ̀ máa ń bá pátákó inú wá, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò lè gbé iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ó wá yọ ẹyọ kan nínú irú mẹ́mórì mélòó kan tí a nílò láti inú àpò rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ohun tí òun ń wí. Nǹkan dúdú báyìí ni, kò gùn tó ìka mi, ó ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ọ̀kùn. Wọ́n gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó dé ọwọ́ Bàbá Ìlọrin, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ tí n kò ní gbàgbé láyé mi.

"Níbo ni wọn yóò kọ orúkọ sí lára èyí?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Tinútinú ló fi béèrè, gbogbo wọn sì tẹjú mọ́ Ẹnjiníà pé kí ó dáhùn.

Láti ìgbà náà ni ìpín ti di ìdíje. Bàbá Èkó mú ojú, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí Ẹnjiníà wí. Ó ní ojú aláwọ̀ mèremère ni òun yóò rà, kí ó sì tóbi tó èyí tí ẹni tó ń kọjá lójú títì yóò rí. Bàbá Ìlọrin ti kọ́kọ́ mú àpótí kékeré. Nígbà tó gbọ́ bí ojú náà yóò ti tóbi tó, ó ní kí wọ́n pa tòun rẹ́, àpótí tó tóbi jù lọ́jà ni òun fẹ́. Èyí tó gbé dé ní àyè fún ibi àwo mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo la sì ní, ihò mẹ́ta yòókù ń wò wá bí ẹnu ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká. Ìbátan wa àgbẹ̀ kòkó kan láti Ìrèsì mú sitabiláísà. Àwọn ọmọ obìnrin ilé pawọ́ pọ̀ mú ẹ̀rọ tó ń gbé ìwé jáde. Bàbá mi mú pátákó inú àti pátákó lẹ́tà. Àwọn ìyàwó ilé tilẹ̀ mú aṣọ léèsì tí a ó fi bo kọ̀ǹpútà náà kí eruku má baà bà á. Nígbà tí wọ́n dé orí mẹ́mórì, gbogbo àwọn àgbà gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà. Akọ̀wé ìpàdé wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wá kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: Ọlọ́run yóò pèsè. Mo ṣì rí ìwé náà nígbà tí mo dàgbà. Ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára ni.

Ọkùnrin tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n pè wá kọ orúkọ. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ti Bàbá Èkó sí orí ojú kọ̀ǹpútà náà láti etí kan dé ìkejì, ó sì fi Olóyè síwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó tíì fi Bàbá Èkó joyè kankan. Ó kọ ti Bàbá Ìlọrin sí ẹ̀gbẹ́ àpótí, lórí àwọn ihò tóóró tí Ẹnjiníà ní ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀rọ náà, ọ̀dà sì dí wọn pa. Ó dùn mí láti sọ ti bàbá mi. Mo rò pé ó gbọ́n jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí akọ̀wé ọkọ̀ náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé tiyín ńkọ́, Tíṣà, ó wo pátákó lẹ́tà títí, ó sì nàka sí ibi tó gùn jù lọ níbẹ̀, igi pẹlẹbẹ tí a ń tẹ̀ kí àyè lè wà láàárín ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ọ̀dà gbẹ, ibi náà sì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Abẹ ìfárí ni màmá mi fi ha orúkọ ọkọ rẹ̀ kúrò kí ó tó lè tẹ̀ ẹ́. Mo rí bí ó ṣe fún ètè rẹ̀ pọ̀ nígbà tó ń ha á.

Ní àárọ̀ Sátidé tí ìkórè ku ọjọ́ mẹ́jọ, gbogbo ẹbí péjọ láti rí i bí kọ̀ǹpútà yóò ti jí. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó gbàdúrà títí tí ẹ̀rù fi ń bà mí pé iná yóò lọ kí ó tó ṣe àmín. Ẹnjiníà tẹ bọ́tìnì ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kùn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo àwọ̀ mèremère tí Bàbá Èkó fi ń yangàn, lẹ́tà funfun lórí dúdú ló gbé jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ẹnjiníà ki àwo bọ inú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kó ètò tí a fi ń tẹ̀wé sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń ké kíkì kíkì bí eku tó há sí àjà, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó sì kọ ìlà kan ṣoṣo ní Gẹ̀ẹ́sì. Màmá mi ló kà á fún wọn.

"Ó ní mẹ́mórì òun kò tó."

Ẹ bá wa gbọ́ ohun tí àwọn àgbà sọ lọ́jọ́ náà. Bàbá Ìlọrin ní òun ti mọ̀, ojú tí ẹ̀gbọ́n òun rà ló tóbi jù tó ń jẹ mẹ́mórì. Bàbá Èkó ní àpótí ló ga jù, iná ń rẹ̀ kí ó tó gun òkè dé ibi iṣẹ́. Wọ́n bára wọn jiyàn títí iyán fi délẹ̀, wọ́n jẹ iyán, wọ́n jẹ ẹran ìgbẹ́ tó wà níbẹ̀ tán láìṣẹ́ ẹyọ kan kù fún àwọn ọmọdé, wọ́n sì dìde. Bàbá Èkó ti wọ ọkọ̀ kí ó tó rántí màmá mi. Ó ní, "Ìyàwó, máa palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́ díẹ̀díẹ̀." Màmá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Èkó." Mo kórìíra ìkúnlẹ̀ yẹn. Mo kórìíra rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán ni Ìyá Àgbà pe Ẹnjiníà sí ẹ̀yìn ilé, ó ní kí ó ṣàlàyé fún òun ohun tí ẹ̀rọ náà ní òun kò ní. Ẹnjiníà ní, "Màmá, ibẹ̀ ló ń kó ohun tí a bá sọ fún un sí. Bí kò bá tó, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ni yóò máa jò dànù." Ìyá Àgbà ronú sí i, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú omi obì.

"Ẹ ra ojú fún un," ó ní, "ẹ ra aṣọ fún un, ẹ kò ra iyè fún un."

Agbọ̀n obì méjì ló wà ní abẹ́ ibùsùn rẹ̀ tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́. Páànù yàrá rẹ̀ ló fẹ́ fi obì náà pààrọ̀, nítorí ó ń jò. Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé agbọ̀n méjèèjì wọ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ Ìbàdàn, ó di ìwé àdírẹ́sì Ẹnjiníà mú tí kò lè kà, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Ọjọ́rú ló padà, ó ti fi owó obì ra mẹ́mórì. Ẹnjiníà ní òun máa tẹ̀ lé e bọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì ti di mẹ́mórì náà sínú bébà kan, ó kó o lé e lọ́wọ́. Ìyá Àgbà tú etí ìró rẹ̀, ó yọ wọ́n jáde, ó ti ju bébà nù. Ewé gbòdògì ló dì wọ́n sí. Ó ní ohun tó wọ́n báyìí kò gbọdọ̀ gbẹ, ó sì wọ́n omi sí i ní ìrọ̀lẹ́ náà àti ní àárọ̀ kí Ẹnjiníà tó dé.

Ẹnjiníà tú ewé náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Omi ń kán lára wọn, ẹsẹ̀ àwọn kan sì ti tẹ̀. N kò rí ojú Ìyá Àgbà bẹ́ẹ̀ rí, ojú ọmọdé tó fọ́ àwo. Màmá mi ló kọ́kọ́ mọ ohun tó yẹ ká ṣe. Ó gbé wọn lé àtẹ, ó gbé àtẹ sí oòrùn, ó sì mú ẹ̀mú tó fi ń yọ irun ojú rẹ̀, ó ń na ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ adìẹ. Mo jókòó ti àtẹ náà pẹ̀lú ọ̀pá títí oòrùn fi yí, mo sì ń bá àwọn kòkòrò dúdú yẹn sọ̀rọ̀ bí Ìyá Àgbà ṣe ń bá obì sọ̀rọ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí Bàbá Èkó mú màmá mi lọ sí Èkó. Nígbà tí Ẹnjiníà kì wọ́n bọ àyè wọn tán tó tẹ ìdí ẹ̀rọ, òǹkà kan bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú rẹ̀, ó ń gòkè, ó kọjá ibi tó máa ń dúró sí. Àwo ké, ó dákẹ́. Ojú ìwé funfun kan là sílẹ̀ fún màmá mi. Ó fi ìka kan tẹ lẹ́tà, ó fi ìkejì tẹ òmíràn, ó sì bú sẹ́kún.

Ní ọjọ́ Àìkú ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, akọ̀wé ìpàdé ẹbí ka orúkọ gbogbo àwọn tó ra kọ̀ǹpútà. Olóyè tí kò joyè jó lọ síwájú. Oníbáàgì jó lọ síwájú. Àwọn tó mú aṣọ léèsì jó lọ síwájú, wọ́n tilẹ̀ jó ju àwọn yòókù lọ. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Ìyá Àgbà, nítorí ohun tó wà níwájú mẹ́mórì nínú ìwé akọ̀wé ni Ọlọ́run yóò pèsè, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí a délé, inú ń bí màmá mi. Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n pe akọ̀wé ọkọ̀ yẹn kí ó kọ orúkọ yín sí i." Ìyá Àgbà béèrè pé síbo, ta ni yóò wọ inú rẹ̀ lọ kà á? Ó ní kí n lọ pọn omi obì wá. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo ń gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò ní yàrá rẹ̀, mo máa ń gbọ́ òjò tó ń kán sínú abọ́ àti màmá mi tó ń tẹ ìwé ìdánwò ní yàrá iwájú, mo sì ń ṣépè fún àwọn àgbà ilé wa nínú mi. Mo pinnu pé bí mo bá dàgbà, n kò ní jọ wọ́n.

Mo dàgbà. Iṣẹ́ tí màmá mi fi ẹ̀rọ yẹn ṣe ló rán mi lọ sí yunifásítì, mo rí iṣẹ́ gidi ní Àbújá. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, ó ti gbó kùjọ́kùjọ́, ìpàdé ẹbí tún pé ní yàrá kan náà, ọ̀pá sì ti wà lọ́wọ́ Bàbá Èkó. Èmi náà fọn fèrè ọkọ̀ mi láti kọ́nà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Wọ́n ka ìwé. Ẹnì kan mú màlúù, ẹnì kan mú pósí. Wọ́n dé orí owó ilé ìgbókùúsí àti ti àwọn tí yóò gbẹ́ ilẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń wo àjà. Èmi náà wò ó. Páànù ibẹ̀ ti dípẹtà. Ohùn màmá mi ni mo gbọ́ láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n kọ ìyẹn sí òun lọ́rùn. Akọ̀wé wá kọjú sí mi, ó ní èmi ọmọ Àbújá ńkọ́, mo sì dáhùn pé òkúta mábù orí ibojì ni n ó mú.

Òkúta náà dára. Nígbà tí agbẹ́kúta pè mí lórí fóònù pé báwo ni kí lẹ́tà ti tóbi tó, mo sọ fún un. Mo dúró síwájú rẹ̀ nígbà tí mo wálé gbẹ̀yìn, màmá mi sì dúró tì mí. Orúkọ Ìyá Àgbà wà lókè. Tèmi wà nísàlẹ̀, Ẹbùn Láti Ọwọ́, ó sì tóbi ju tirẹ̀ lọ.